Lẹ́tà Ṣíṣí sí Pet Shop Boys: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ariwo Wa Yí Ohùn Yín Padà

Sí Ẹ̀gbọ́n Neil Tennant tó ń kọrin àti Ẹ̀gbọ́n Chris Lowe tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, olórin méjì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Pet Shop Boys,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan bọ̀ láti 1981, tó ṣì ń gbé tuntun jáde, ó yẹ ká kí i dáadáa ká tó gbé ọ̀rọ̀ kankan síwájú rẹ̀.

Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí torí òun ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń jiyàn lórí orin yín láti ìgbà tí a ti wà nílé ìwé girama ní Ìbàdàn. Òun náà la fi jiyàn lórí àwo yín Nonetheless nígbà tó jáde ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, 2024. Mo fẹ́ kí àwọn Yorùbá mìíràn tó fẹ́ràn yín kà á, kí wọ́n dá sí i. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwa olólùfẹ́ yín nípa àwo náà ń kọ mí lóminú, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹ má lọ fi ṣe atọ́nà nígbà tí ẹ bá padà sí sítúdíò.

Kí ni wọ́n ń sọ? Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ipò kejì ni àwo náà wọ̀ lórí àtẹ àwọn àwo tó tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí àwo yín tuntun kankan tó gòkè tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Very, tó gba ipò kìíní ní 1993. Àwọn tó ti ń sọ pé ó ti parí fún yín panu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ayọ̀ àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe ń rọlẹ̀ ni àròyé bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àwo náà ti rọ̀ jù, pé gòjé òyìnbó ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ìlù kò le tó. Stuart Price ni wọ́n ń fẹ́, ẹni tó bá yín ṣe àwo Electric ní 2013, Super ní 2016 àti Hotspot ní 2020. Wọ́n ní James Ford tí ẹ gbé iṣẹ́ fún lọ́tẹ̀ yìí ti bu omi là á. Àwọn mìíràn ní ohun tí ẹ ṣe ní 1987 ni kí ẹ tún ṣe. Àwọn kan sì wà, wọn ò pọ̀, tí wọ́n ní ẹ kàn ń wẹ̀yìn wò ni, pé orin nípa ìgbà ọ̀dọ́ Ẹ̀gbọ́n Neil ní Lọ́ńdọ̀nù àti nípa oníjó kan tó ti kú láti 1993 kò kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Lójú tèmi, orin pẹ̀lẹ́ tó ní ìtàn nínú, tí Ẹ̀gbọ́n Neil ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, òun gan-an ni ohun tí kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe é bíi tiyín. Mi ò fẹ́ kí ariwo wa gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú A New Bohemia, orin kan nínú àwo náà, torí òun ni àríyànjiyàn wa dá lé jù. Ọkùnrin kan tó ti dàgbà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó wo àyíká, kò rí àwọn tó mọ̀ mọ́; ayé tí òun náà ti jẹ́ ẹni àmúyangàn nínú rẹ̀ ti kọjú síbòmíràn. Ó mẹ́nu ba Les Petites Bon-Bons, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní àwọn ọdún 1970 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gbọ́ orúkọ wọn rí, ó sì ń wá ibi tí irú wọn pé jọ sí lóde òní kí òun náà lè lọ bá wọn. Kò bú àwọn ọ̀dọ́. Kò ní ìgbà tòun ló dáa jù. Gòjé òyìnbó ń gbé orin náà láti ìsàlẹ̀, ohùn Ẹ̀gbọ́n Neil sì wà lókè wọn, kò díbọ́n pé ọmọdé lòun. Nígbà tí ẹ gbé àwo náà jáde, oṣù díẹ̀ ló kù kí wọ́n pé ọdún 70. Mélòó nínú àwọn olórin tí ayé ń pariwo orúkọ wọn ló lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì ṣàánú ara wọn nínú rẹ̀?

Nílé mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, la ti jọ gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi àtàwọn tí a ti jọ ń gbọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń wa bọ́ọ̀sì òru. Electric ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yín, òun ló máa ń gbọ́ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ kí oorun lè dá lójú rẹ̀. Bí Loneliness, orin àkọ́kọ́ nínú Nonetheless, ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti dìde, ó ń mi èjìká, ó ní ẹ ti padà dé. Ó sì yẹ kó jó. Orin ẹni tí ìdánìkanwà ń bá jà ni, ó tilẹ̀ mẹ́nu ba Ringo Starr, onílù ẹgbẹ́ Beatles, tó ń dá rìn létí omi, síbẹ̀ ìlù rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dùn ọkàn lórí ìlù ijó, ẹ ti mọ iṣẹ́ yẹn ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan A New Bohemia, ọ̀gbẹ́ni yìí jókòó, ó mú fóònù rẹ̀, ó ń wo nǹkan mìíràn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní orin náà dáa, òun ò sọ pé kò dáa, àmọ́ orin tí a kò lè gbé sí òde àríyá, kí la fẹ́ fi ṣe? Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀bà fi gan mọ́ abọ́, tí ọbẹ̀ fi tutù.

Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níwájú yín, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi í.

Ní 1990 ẹ gbé orin Being Boring jáde láti inú àwo Behaviour. Ṣáájú ìgbà náà, láàárín 1986 sí 1988, ẹ ti gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin: West End Girls, It's a Sin, Always on My Mind àti Heart. Àwọn ènìyàn ti mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ yín. Orin yìí wá dé, ó gùn, kò kánjú, ó kún fún ìrònú. Ipò 20 ló bá a dé. Ohun tí ọjà sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ ń rìn kiri ṣeré ní 1991, ẹ kò kọ́kọ́ kà á mọ́ àwọn orin orí ìtàgé, àfi ìgbà tí ẹ dé Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn ń béèrè rẹ̀, tí Axl Rose ti Guns N' Roses pàápàá wá bá yín lẹ́yìn ìtàgé, tó ní kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́. Lónìí, níbi tí olólùfẹ́ yín méjì bá ti pàdé, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Being Boring fi ń délẹ̀. Orin náà kọ́ ló yí padà. Àwa la dàgbà débẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀dọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́, òde àríyá ìgbà èwe, ìrìn àjò kúrò nílé, lẹ́yìn náà ikú. Ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n Neil kan láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ní Newcastle ni àrùn AIDS pa, ìrántí rẹ̀ ló gbé orin náà ró. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ojú mi ò tíì là, bí ó ṣe ń dún nìkan ni mo fẹ́ràn. Ìgbà tí àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ọ̀kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀kan lórí ibùsùn ọsibítù, ni ó tó yé mi. Níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa, a máa ń ka orúkọ àwọn tó ti ṣaláìsí kí á tó bu oúnjẹ. Ọdọọdún ni orúkọ ń kún un. Bí mo bá ti irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ dé, Being Boring ni mo máa ń gbé sí i, mi ò sì ní fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, a kì í gbé e sí òde àríyá. Ṣùgbọ́n òde àríyá kì í ṣe gbogbo ayé ènìyàn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ijó lónìí kò lóǹkà, ìlù tiwọn sì le ju tiyín lọ nígbà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lù ú. Àkísà yín ni wọn ò ní, òun ni ẹ kó jọ sínú A New Bohemia, òun náà ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe tìtorí wa dà nù.

Ẹ rántí Elysium. Los Angeles lẹ ti ṣe é pẹ̀lú Andrew Dawson, ó jáde ní oṣù kẹsàn-án, 2012, ó sì dé ipò kẹsàn-án. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nígbà náà: wọ́n ní ó ti rẹ̀ yín, wọ́n ní àwo náà ń sùn. Bẹ́ẹ̀, Invisible wà nínú rẹ̀, orin nípa bí ènìyàn ṣe ń dàgbà títí tí ojú àwọn tó wà lóde kò fi rí i mọ́. Mi ò mọ orin ijó mẹ́ta tí mo lè fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Your Early Stuff wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí Ẹ̀gbọ́n Neil fi ohun tí àwọn awakọ̀ takisí máa ń sọ fún wọn kọ, àwọn tó ń béèrè bóyá wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ń ní orin ìgbà àkọ́kọ́ yín làwọn mọ̀. Ẹ ti mọ ohun tí à ń sọ lẹ́yìn yín, ẹ sì ti fi kọrin. Àwo tí àwọn ènìyàn ní ó ń sùn náà nìyẹn.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Electric dé, ìlù rẹ̀ le, iná rẹ̀ tàn, gbogbo wa jó. Èmi náà jó, ó sì tọ́ sí ijó. Ṣùgbọ́n ohun kan wọ àwa olólùfẹ́ yín lára lọ́dún yẹn tí kò dára: a gbà pé ariwo wa ló ṣe é. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ̀yin lẹ mọ ìdí tí ẹ fi lọ bá Stuart Price. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ìgbà náà, a ti dà bí ọmọ tó ti rí i pé bí òun bá ti sunkún, wọ́n á gbé òun pọ̀n. Bí àwo bá ti jáde, tí kò le tó bí a ṣe fẹ́, a ó figbe ta. Ìwà yẹn la gbé wọnú Nonetheless, kí á tilẹ̀ tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà lẹ ń gbọ́ tiwa ni, ohun kan wà tí àwa Yorùbá kì bá tí rí gbà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn Very, Very kejì ni gbogbo ènìyàn ń retí. Ẹ wá lọ ṣeré káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1994. Nígbà tí àwo Bilingual dé ní 1996, Se a vida é wà nínú rẹ̀, tí ẹ gbé karí Estrada da Paixão, orin Olodum. Ẹgbẹ́ onílù àwọn ènìyàn dúdú ni Olodum, ní Pelourinho, nílùú Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia. Ní 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀, láti ara Olódùmarè ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Ìlú tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ ni, tí òrìṣà wa ṣì ń jó níbẹ̀ títí di òní. SheBoom, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onílù láti Scotland, ló bá yín lu ìlù sínú orin náà, ó sì ń dún kíkankíkan lábẹ́ ohùn ọmọ Newcastle.

Mo rántí àwọn tó ń kùn nígbà náà pé kí ni ti ìlù Bràsíl nínú orin Pet Shop Boys. Àwa ńkọ́? Ọjọ́ yẹn ni ìyá mi kọ́kọ́ dá sí orin yín. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ, ariwo òyìnbó ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbọ́ èyí láti inú yàrá wọn, wọ́n jáde sí pálọ̀, wọ́n ní ta ló ń lu ìlù yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bahia fún wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, wọ́n ń fi ìka lu apá àga. Orin náà dé ipò kẹjọ, àwo náà dé ipò kẹrin, kò sì sí olólùfẹ́ kankan tó ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ lọ gbé ìlù Olodum wá. Ẹ lọ síbi tó wù yín, ẹ sì bá wa pàdé níbẹ̀.

Nonetheless náà bá wa pàdé, fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ oníjó tó ti kú kò kan àwọn, Dancing Star ni wọ́n ń bá wí. Ìtàn Rudolf Nureyev ni, oníjó ilẹ̀ Soviet tó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní pápákọ̀ òfurufú Le Bourget ní Paris, ní oṣù kẹfà, 1961, tó ní òun ò padà sílé mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti dúró rí ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow pẹ̀lú àpótí kan àti ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, tí kò mọ ọjọ́ tí yóò tún fojú kan ìyá rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ Nureyev kan òun. Ìlù rẹ̀ sì yá, ó dùn ún jó! Àwọn tó ń sunkún ijó kò rí i, torí ariwo ni wọ́n ń wá.

New London Boy ńkọ́? Ní 1972 ni Ẹ̀gbọ́n Neil wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Orin náà kó gbogbo rẹ̀ jọ: aṣọ dídán, irun, ọmọ tuntun nílùú ńlá tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ìbẹ̀rù àwọn jàǹdùkú afárí tó lè lù ú ní ìgboro torí bó ṣe múra. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bọ́ sí sísọ lórí ìlù, bí a ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà West End Girls. Ọmọbìnrin mi, tí wọn kò tíì bí nígbà Bilingual, ló fi orin yìí hàn mí dáadáa. Fíìmù Saltburn ti 2023 ló mú un mọ̀ yín, torí Rent tó wà nínú rẹ̀, orin 1987. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn máa yan àtijọ́ tàbí tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló gbọ́ Rent àti New London Boy, lójú rẹ̀, olórin kan náà ló kọ méjèèjì, ó tán. Ó ní bó ṣe ṣe òun gan-an nìyẹn nígbà tí òun kọ́kọ́ dé yunifásítì, tí òun ń wo bí àwọn yòókù ṣe ń wọṣọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn nìkan lẹ ń wò, kó wá bá ọmọ mi jiyàn.

Èyí kò ní kí n má sọ ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. The Schlager Hit Parade, nípa orin fàájì àwọn ará Jámánì, kò wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n wà lábẹ́ ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n A New Bohemia ló tẹ̀ lé, kò sì jẹ́ kí ọkàn wa sinmi lórí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Bullet for Narcissus, tí ẹ̀ṣọ́ olóṣèlú agbéraga kan ti ń ronú lórí bí òun ṣe lè fi ẹ̀mí òun dí ọta ìbọn fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ni ì bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà wà. Àwọn orin àtijọ́ tí ẹ tún gbà sílẹ̀, tí ẹ pè ní Furthermore, dùn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀dà àwo kan jọ lóde òní, owó ilé rẹ̀ ló ń ná. Ẹ rọra bá wa ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Chris, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, torí ó dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé gòjé ti bo kíbọ́ọ̀dù yín mọ́lẹ̀ nínú àwo yìí. Ní ilé ìtajà ohun èlò oníná kan ní King's Road lẹ̀yin méjèèjì ti pàdé ní oṣù kẹjọ, 1981, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Neil lọ wá wáyà tí wọ́n máa fi so kíbọ́ọ̀dù Korg wọn mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde. Ẹ̀kọ́ àwòrán ilé kíkọ́ lẹ kà ní Liverpool, ẹ sì ti ya àtẹ̀gùn kan tí wọ́n kọ́ ní Milton Keynes. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá rí yín lórí ìtàgé, tí ẹ dúró gbọnin lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, tí fìlà àti awò dúdú bo ojú yín. Àwọn tó ń wá yín nínú Nonetheless, ohùn orin tó yí padà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Neil níbi tí ọkàn wa kò retí rẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́. Igi àjà ilé náà ni. Gòjé kàn wà lórí rẹ̀ ni.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Ọ̀pọ̀ nínú orin Nonetheless lẹ kọ nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, tí kò sí òde ijó tí ẹnikẹ́ni lè lọ, tí kò sì sí ariwo wa létí yín. Ẹ tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nípa ohun tí ẹ̀ ń rí nísinsìnyí: orúnkún tó ń ro ni, ilé tó ti tóbi ju àwọn tó kù nínú rẹ̀ lọ, nọ́ńbà ọ̀rẹ́ tó ti kú tó ṣì wà nínú fóònù, ìfẹ́ tó bá ni lẹ́yìn ọdún 60. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ fún wa sórí kíbọ́ọ̀dù. Bí ìlù bá bá a wá, kó wá. Bí kò bá wá, ẹ má wá a lọ torí pé a ń ké.

Lórí ọ̀rọ̀ ìtàgé, mo mọ̀ pé orin tí gbogbo ayé mọ̀ ni ẹ fi kọ́ Dreamworld tí ẹ ti ń gbé kiri láti 2022, àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ní 2006 ẹ ṣe eré kan ní Mermaid Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ̀yin àti BBC Concert Orchestra, tó di àwo Concrete. Ẹ tún bá wa ṣe irú rẹ̀: gbọ̀ngán kan tí kò tóbi, àwọn onígòjé, àwọn ìjókòó kí àwa àgbà lè sinmi ẹsẹ̀. Invisible, Being Boring, Dancing Star, A New Bohemia, láìsí It's a Sin níbẹ̀ rárá. Ọ̀rẹ́ mi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti ní bí ẹ bá ṣe é, òun á gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, òun á bá wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Vocal, orin ijó inú Electric, lòun á ṣì máa retí títí wọ́n á fi tan iná gbọ̀ngán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olólùfẹ́ orin yín kan,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.